Fóònù Tó Gba Méjìdínlógójì Nínú Ọgọ́rùn-ún

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà

Ọkọ mi ti lọ. Àbígbẹ̀yìn wa obìnrin ló sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn ojú, aago mẹ́fà àárọ̀ ni ọkọ̀ wọn gbéra. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n dá fún un. Ojú ọ̀tún ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ abẹ sí, bó bá di ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, wọn yóò ṣe tòsì.

Kó tó wọkọ̀, ó fa kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́ bí ẹni tó ń fa ọmọ lé alágbàtọ́ lọ́wọ́. Ó ní, "Tísà, òfin mẹ́ta péré. Má tú fóònù kankan. Má ta ọjà mi ní ọ̀pọ̀. Má sì kọ́ àwọn oníbàárà mi ní ìṣirò." Mo ní mo ti gbọ́. Ó ní òun mọ̀ pé mo gbọ́, ohun tí òun ò mọ̀ ni bóyá mo máa ṣe é.

Injiníà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, èmi náà sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ó ń ta fóònù, ó ń tún fóònù ṣe, bí kò bá sí fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ náà sí. Èmi ní tèmi, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò kí n tó fẹ̀yìn tì. Nínú gbogbo ọdún tí a ti jọ wà, mi ò bi í rí pé báwo ni fóònù ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó ń kó mi láyà sókè nìyí: Aṣojú ilé iṣẹ́ tó ń kó ọjà fún wa ti kìlọ̀ fún un lóṣù tó kọjá. Bí àwọn fóònù ńlá ò bá rìn lọ́jà títí oṣù yìí yóò fi parí, òun yóò kó wọn fún ṣọ́ọ̀bù òdìkejì. Bí Injiníà bá ti ilé ìwòsàn dé, tó bá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní òfìfo, kí ni yóò fi ojú tuntun wò?

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù láago mẹ́jọ. Oníbàárà àkọ́kọ́, bíríkìlà kan tí símẹ́ǹtì ṣì wà ní èékánná rẹ̀, ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Èwo ló dáa jù nínú wọn?"

Mo wo inú àpótí onígíláàsì náà. Fóònù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ń wò mí, èmi náà ń wò wọ́n. Mo ní, "Gbogbo wọn ló dáa." Ó wò mí tìyanutìyanu, ó ní òun ń bọ̀, ó sì sọdá sí òdìkejì. Kò padà wá.

Bí ọmọ kíláàsì mi bá dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀, òdo ni màá fún un.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù òdìkejì, Aláriwo lorúkọ tí mo sọ ọ́ lónìí. Láti aago mẹ́jọ ni sípíkà ńlá rẹ̀ ti ń pariwo. Ẹni tó bá ra fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ ń gba agboòrùn pupa kan lọ sílé. Òjò sì kọ̀ kò dá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, agboòrùn pupa mọ́kànlá ló kọjá níwájú mi kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo gbà fún un, ó mọ àkókò òjò.

Mo fi awò ojú mi ka gbogbo ìwé pélébé tó wà nínú páálí àwọn fóònù náà. Ẹni tó kọ wọ́n ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka wọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Wọ́n ti ṣe ojú ọ̀tún. Àbígbẹ̀yìn pè mí láago méjì, ó ní ó lọ dáadáa, ó ní bàbá òun ń bá nọ́ọ̀sì jiyàn lórí irú ṣáájà tó ń lò. Mo jókòó sórí àpótí, mo sunkún díẹ̀, mo sì ta káàdì mẹ́rin.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Níwọ̀n ìgbà tí mi ò ti mọ fóònù, mo ní kí n kúkú mọ èèyàn. Gbogbo ẹni tó wọlé lónìí ni mo bi léèrè pé kí ló mú yín yan èyí tí ẹ ń lò? Ìdáhùn wọn rèé, kí n má gbàgbé.

Aránṣọ tó wà ní ìkóríta ní òun ra tòun nítorí pé ó bá àwọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ òun mu. Awakọ̀ akẹ́rù kan ní ohun tí ọ̀rẹ́ òun rà lòun náà rà, ọ̀rẹ́ yẹn sì ti ta tirẹ̀ dànù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní kámẹ́rà tòun pọ̀ ju ti àbúrò òun lọ. Mo bi í pé àwòrán kí ló ń yà. Ó ronú títí, ó ní oúnjẹ.

Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tún burú jù. Mẹ́ta ló wà níbí, àmì ara káàdì wọn sì ni gbogbo èèyàn fi ń pè wọ́n: Ẹlẹ́yẹ, Onírawọ̀ àti Aláfárá. Káfíńtà kan wá ra síìmù Aláfárá. Mo ní ṣé ó ń já geere nílé yín ni? Ó ní, "Kò já rárá, Màmá. Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn. Ìyá ìyàwó mi ń pe mí lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́." Mo tà á fún un. Ẹni tó mọ ohun tó ń wá ni.

Òun nìkan ló sì mọ̀ ọ́n nínú gbogbo wọn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Ìyá arúgbó kan wọlé pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀. Ọmọ rẹ̀ bímọ sí òkè òkun, ó fẹ́ fóònù tí yóò fi máa rí ọmọ náà. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ti sọ fún un pé Olójú Mẹ́rin ni kó rà, èyí tó wọ́n jù nínú àpótí, tó ní kámẹ́rà mẹ́rin lẹ́yìn.

Mẹ́sàn-án ni Olójú Mẹ́rin tó wà nílẹ̀. Àwọn gan-an ni Aṣojú fẹ́ kó rìn. Ọwọ́ mi ti nà sí i kí ẹnu mi tó béèrè pé, "Ìyá, níbo nínú ilé lẹ ti máa ń jókòó?" Ó ní nínú yàrá ni, nítorí orúnkún òun, ilé òun sì wà ní ìsàlẹ̀ odò. Mo ní, "Kámẹ́rà mẹ́rin ẹ̀yìn ò ní í fi ọmọ hàn yín o, tiwájú lẹ máa lò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló sì ń dé yàrá yín?" Ó ní òun ò mọ̀, ṣé kì í ṣe fóònù ló ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni?

Mo yọ síìmù mi kúrò nínú fóònù tèmi. Mo fún un ní fóònù náà àti síìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a fi ń dán fóònù wò, mo ní, "Ẹ gbé e lọ sílé. Lónìí, Ẹlẹ́yẹ. Lọ́la, Onírawọ̀. Lọ́túnla, Aláfárá. Kí ẹnìkan máa bá yín kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, ẹ mú ìdáhùn wá."

Iṣẹ́ àṣetiléwá ni mo fún un. Ó ti mọ́ mi lára.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Ó mú un wá! Aládùúgbò rẹ̀ ló bá a kọ ọ́ sórí ìwé onílà. Onírawọ̀ ń dé ojú fèrèsé nìkan. Aláfárá ò mọ ilé òun rárá. Ẹlẹ́yẹ ń wọ yàrá, ó sì gbọ́ ohùn ọmọ náà kedere tó ń ké. Mo ta fóònù tó mọ níwọ̀n fún un, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó Olójú Mẹ́rin. Ó gbàdúrà fún mi títí mo fi ń wojú aago.

Lálẹ́, Injiníà fi ohùn ránṣẹ́ sí mi nítorí pé bàǹdéèjì ò jẹ́ kó rí ohun tó máa tẹ̀: "Tísà, wọ́n ní o gbé fóònù ara rẹ yá oníbàárà. Ojú mi ni wọ́n ń tọ́jú níbí o, kì í ṣe ọkàn. Jọ̀wọ́."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Àwọn méjì tún wá béèrè fún "fóònù ìdánwò." Mo rí fóònù ògbólógbòó méjì lábẹ́ tábìlì, mo fi kún un. Mo wá gba páálí ńlá kan lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ Aláriwo (páálí sípíkà wọn ni, kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe), mo ya àdúgbò wa sí i: òkè omi, ẹ̀yìn ilé-ìwé, ìsàlẹ̀ odò, ibùdókọ̀, òpópónà ilé ìfowópamọ́. Ẹni tó bá dá fóònù padà, mo máa ya àmì ìdáhùn rẹ̀ síbi tó ń gbé. Ẹyẹ, ìràwọ̀, afárá. Èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n yà rí, afárá mi jọ àga tó ti kán.

Àlùbọ́sà ti gbówó lórí o. Mi ò fi sínú ọbẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ṣe é. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n ṣe é, mo sì ṣe é.

Èèyàn ò yéé bi mí pé èwo ló dáa jù. Ní ilé-ìwé, ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láti dá irú ìbéèrè yẹn lóhùn. Mo kó fóònù mẹ́jọ jáde, ọ̀kan nínú irú kọ̀ọ̀kan, mo ṣe ìdánwò fún wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Bátìrì, ogún máàkì. Ohùn, ogún: mo gbé wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà Aláriwo, mo ní kí Àbígbẹ̀yìn pè mí. Ojú fóònù nínú oòrùn, ogún. Oòrùn ò sì yọ àfi ní ọjọ́ Àìkú, mo sáré jáde pẹ̀lú gbogbo wọn nínú abọ́. Ìrọ̀rùn lọ́wọ́ àgbà, ogún. Òtítọ́, ogún: ohun tí wọ́n kọ sára páálí, ṣé òun náà ló wà nínú rẹ̀?

Mo fi bírò pupa kọ èsì sórí ìwé gbàgàdà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹni tó ṣe ipò kìíní ni fóònù kékeré kan tí ẹnikẹ́ni ò wò lẹ́ẹ̀mejì, ọgọ́rin ó lé mẹ́ta. Ẹni tó gbẹ̀yìn ni Olójú Mẹ́rin, méjìdínlógójì. Mo kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀: *Ó mọ̀ ọ́n wọ̀, kò mọ̀ ọ́n ṣe. Kó tún un ṣe.*

Mi ò tíì láyọ̀ tó báyìí láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ojú òsì ni wọ́n ṣe lónìí. Wọ́n ní ó pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sí ìròyìn mìíràn.

Ṣọ́ọ̀bù kún. Àwọn kan ò ra nǹkan, èsì ìdánwò ni wọ́n wá wò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ ìyàwó ọ̀la kan kó owó wá, ó ní Olójú Mẹ́rin lòun fẹ́, kí àwọn àna òun lè rí i lọ́wọ́ òun. Mo fi ìka han ògiri. Ó ní òun rí i, òun ṣì fẹ́ ẹ. Mo ní, "Ọmọ mi, bátìrì rẹ̀ á kú kí wọ́n tó so yín pọ̀ tán. Ra kékeré yìí, kó o fi owó tó kù tọ́jú ìyàwó." Ó bínú, ó ní ṣé mo ń ta ọjà ni àbí mo ń lé oníbàárà? Ó kọjá sí òdìkejì, wọ́n fún un ní agboòrùn.

Nígbà tí ìròyìn yẹn dé ilé ìwòsàn, Àbígbẹ̀yìn ní bàbá òun fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Òjò àtàárọ̀ dalẹ́. Kò sẹ́ni tó wọlé. Dókítà ní ojú òsì ń lọ́ra, kí a ní sùúrù. Injiníà fúnra rẹ̀ gba fóònù, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Ó ní, "Tísà, bó bá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló ṣiṣẹ́ ńkọ́?"

Mo ní, "Bí ojú bá ń sunkún, a máa ríran, bàbá." Ó ní òun ò sunkún o, oògùn ni. Mo ní mo gbọ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ àlùbọ́sà fún un títí owó fi tán nínú fóònù mi. Ẹ̀rù ń bà mí, mo kọ ọ́ síbí nítorí pé mi ò lè sọ ọ́ fún un.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Aṣojú dé kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Bàtà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kò-kò-kò, bí ti alábòójútó ilé-ìwé. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè Injiníà, ó sì gbójú sókè sí ògiri.

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó bọ́ awò, ó nù ún, ó tún kà á. "Màmá, ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni."

"Fóònù tó wọ́n jù nínú ọjà wa lẹ fún ní méjìdínlógójì?"

"Mo fi méjì ràn án lọ́wọ́. Mẹ́rìndínlógójì gan-an ló gbà."

Awakọ̀ akẹ́rù tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Kò yẹ kó rẹ́rìn-ín. Ojú Aṣojú le. Ó ní òun ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan nínú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n òun ò rí ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́ rí. Mo ní mi ò bà á jẹ́, bí mo ṣe bá a ni mo ṣe kọ ọ́. Ó ní kí n já ìwé yẹn sílẹ̀, kí òun má rí i mọ́. Gbogbo àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ń wò mí. Mo ronú nípa Injiníà, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n di ojú rẹ̀, ó sì gbẹ́kẹ̀ lé mi.

Mi ò lè já a. Mo gbìyànjú, ọwọ́ mi ò gbà. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò yí máàkì tí mo ti kọ sílẹ̀ padà rí nítorí ẹnikẹ́ni.

Ó kó Olójú Mẹ́rin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sínú àpò, ó sọdá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò pé tí sípíkà Aláriwo fi ń kéde wọn. Mo ti ṣọ́ọ̀bù láago mẹ́ta.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo jẹ́wọ́ fún Injiníà. Gbogbo rẹ̀ pátá, àti bírò pupa.

Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Mélòó lo ní o fún un?"

"Méjìdínlógójì."

"Ti bátìrì ńkọ́?"

"Mẹ́rin nínú ogún."

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Ó ní, "O ṣàánú rẹ̀. Ìdajì àwọn tí mo tà lọ́dún tó kọjá ló padà wá sórí tábìlì mi. Èmi ló ń tà á, èmi náà ló ń tún un ṣe, mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi ní kó dákẹ́, kí ojú rẹ̀ má lọ ṣí. Ó ní, "Má já a o. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni yóò lọ, kó lọ." Ọkọ mi rèé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidi.

Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀njọ́ oṣù

Oṣù parí. Olójú Mẹ́rin ò sí nílẹ̀, àwọn tó kù sì ń rìn. Fóònù kékeré tó gba ipò kìíní ti tán láti àná. Bíríkìlà ọjọ́sí padà wá, ó ní, "Màmá, wọ́n ní ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí." Mo ní mo ti ka ìwé mi.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin oṣù Keje

Ohun tí ojú mi rí lónìí kọjá àfẹnusọ. Tọkọtaya kan yọ láti ṣọ́ọ̀bù Aláriwo, wọ́n sọdá sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, a ti rí Olójú Mẹ́rin kan lọ́hùn-ún, mélòó ló gbà?" Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ẹ ṣé, wọ́n jókòó, wọ́n ra ti ọ̀dọ̀ mi. Kó tó di ọ̀sán, ẹni mẹ́rin ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di aago mẹ́rin, sípíkà dákẹ́. Aláriwo fúnra rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú agboòrùn pupa kan tó fi bò mí lórí kí n tó sọ̀rọ̀, ó ní ẹ̀bùn ni. Mi ò mọ̀ pé kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ dákun. Olójú Mẹ́rin yẹn, ẹ bá mi fi máàkì díẹ̀ kún un. Àádọ́ta péré, kó ṣáà yege."

Bí àwọn òbí ṣe máa ń wá bá mi nìyẹn lẹ́yìn ìdánwò, pẹ̀lú àpò ọsàn lọ́wọ́. Mo ní, "Ọmọ mi, mi ò lè fi máàkì kún un. Ṣùgbọ́n kó àwọn mìíràn tó o ní wá, irú èyí tí mi ò ní. Màá dán àwọn náà wò. Ẹni tó bá yege, màá kọ ọ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ ló wà." Ó ronú díẹ̀. Ó ní ṣé màá ṣe é lófẹ̀ẹ́? Mo ní kó bá mi rẹ sípíkà yẹn sílẹ̀, owó mi nìyẹn.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Aṣojú padà wá. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, èmi náà ò mẹ́nu bà á. Ó gbé páálí méjì sílẹ̀, fóònù kékeré ipò kìíní ló kún inú rẹ̀, ó ní ilé iṣẹ́ ṣàkíyèsí pé àdúgbò yìí ń béèrè fún un gidigidi. Ó dúró síwájú páálí tí mo ya àdúgbò sí fún ìgbà pípẹ́. Ó wá béèrè, bí ẹni tí kò fẹ́ béèrè, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló dára fún ẹ̀yìn ilé-ìwé, ìyàwó òun ń gbébẹ̀. Mo ní Onírawọ̀. Ó ra síìmù kan.

Ṣọ́ọ̀bù kò lọ. Mo pe Injiníà láti sọ fún un, mo ń pariwo lórí fóònù bí ọmọdé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Wọ́n tú bàǹdéèjì ìkẹyìn. Ojú ọ̀tún ń ríran, òsì ń rí òjìji. Ó rí Àbígbẹ̀yìn, ó ní ó ti rù. Ó rí igi níta fèrèsé.

Ṣùgbọ́n dókítà ní kò gbọdọ̀ jókòó ti iṣẹ́ wínníwínní mọ́. Àwọn nọ́ọ̀tì inú fóònù tí kò tó orí abẹ́rẹ́, wáyà tó tín-ín-rín bí irun, ó tán nìyẹn. Àbígbẹ̀yìn ló sọ fún mi. Injiníà fúnra rẹ̀ ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí. Ogún ọdún ni mo ti ń wo ẹ̀yìn orí ọkùnrin yẹn lórí tábìlì. Mo fi aṣọ bo àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ kí eruku má bà á, mo ṣí i, mo tún bò ó. Mi ò mọ èyí tí yóò dùn ún jù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Àná ló délé. Mo ní kó sinmi, ó ní òun ti sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Láago mẹ́wàá àárọ̀ òní, mo gbójú sókè, òun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú awò dúdú, ó fi ọwọ́ kan férémù ilẹ̀kùn.

Ó ka èsì ìdánwò tó wà lára ògiri, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwé náà. Ó wo páálí àdúgbò. Ó rìn lọ sídìí tábìlì rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé aṣọ tí mo fi bo irinṣẹ́, kò ká a sókè. Àwọn mẹ́rin ló jókòó tí wọ́n ń dúró dè mí, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wọn.

Bíríkìlà ló gbà wá. Ó fò dìde, ó ní, "Injiníà! Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ kú ewu. A dúpẹ́, ọ̀gá ti dé. Ẹ dákun, ẹ bá mi wo méjì yìí, ìyàwó mi ni mo fẹ́ rà á fún. Èwo ni kí n mú?"

Injiníà yí padà kúrò nídìí tábìlì. Ó wá sí ibi bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó fi ọwọ́ wá ibi ìjókòó, ó jókòó sí iwájú pátápátá.

Ó ní, "Èmi kọ́ ni ọ̀gá. Oníbàárà ni mí. Ẹ tò sẹ́yìn mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ó gbójú sókè sí mi, ó ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ojú mi ò rí lẹ́tà inú fóònù mi mọ́. Mo fẹ́ èyí tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, tí ohùn rẹ̀ sì já gaara."

Mo mú bírò pupa mi. Mo bi í bí mo ṣe ń bi gbogbo wọn pé, "Ẹ káàbọ̀, bàbá. Kí lẹ fẹ́ máa fi ṣe?"

Ó ní, "Mo fẹ́ máa fi pe ìyàwó mi níbi iṣẹ́."